Lítà Mélòó Ni Jẹnẹrétọ̀ Ilé-Ìwé Mu Lánàá?

Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ti kọrin tán níbi ìpéjọ àárọ̀, tí wọ́n tò wọ kíláàsì, ohùn tó máa ń tẹ̀ lé orin wọn ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé Èkó, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta ni ti jẹnẹrétọ̀. Bàbá tó ń ṣọ́ ọgbà ni yóò lọ tàn án. Èéfín dúdú á kọ́kọ́ tú jáde, á di àwọ̀ eérú, lẹ́yìn náà ojú ò ní rí i mọ́. Fáànù ọ́fíìsì á bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ẹ̀rọ ìdàkọ á máa tẹ ìwé ìdánwò jáde, kọ̀ǹpútà á tàn. Èéfín ti lọ, ọkàn gbogbo ènìyàn sì ti kúrò lórí rẹ̀.

Ẹ bi ọ̀gá ilé-ìwé léèrè iye akẹ́kọ̀ọ́ tó ní, á dáhùn láì wo ìwé. Ẹ bi akápò léèrè iye owó tó wọlé ní sáà yìí, á ṣí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè iye lítà epo tí jẹnẹrétọ̀ ti mu láti oṣù kẹsàn-án, èsì tó wọ́pọ̀ ni pé ó pọ̀. "Ó pọ̀" kì í ṣe iye. Ibi tí ọ̀rọ̀ dídín èéfín kù nílé-ìwé ti ń wọ́ gan-an nìyẹn: ohun tí wọn kò kà ni wọ́n fẹ́ dín kù.

Yorùbá ní èéfín nìwà, kò ṣeé bò mọ́lẹ̀. Ti èéfín dúdú nìyẹn. Èéfín dúdú jẹ́ èédú tí iná kò jó tán. Ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ó sì yẹ kí ènìyàn sá fún un. Èyí tó ń mú ayé gbóná kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ẹnu sàlẹ́ńsà kan náà ló sì ń gbà jáde, láti ìgbà tí wọ́n bá ti tan ẹ̀rọ títí di ìgbà tí wọ́n bá pa á. Kábọ́ọ̀nù dayọ́sáìdì lorúkọ rẹ̀. CO2 ni àwọn onímọ̀ ń kọ. Ó ń ṣe bí aṣọ tí ìyá dà bo ọmọ lóru. Ilẹ̀ gba ooru lọ́dọ̀ oòrùn, ó fẹ́ dá a padà sójú òfuurufú, aṣọ yìí sì dá apá kan nínú ooru náà dúró. Bí kò bá sí aṣọ rárá, yìnyín ni ìbá bo ayé. Bí aṣọ bá sì nípọn jù, ọmọ á làágùn. Láti ìgbà tí ọmọ aráyé ti ń jó èédú abẹ́ ilẹ̀, epo rọ̀bì àti gáàsì ni aṣọ náà ti ń nípọn sí i.

CO2 nìkan kọ́. Mítéènì ń jáde láti inú oúnjẹ tó ń jẹrà ní ààtàn, kìlò kan rẹ̀ sì ń mú ayé gbóná ní nǹkan bí ìlọ́po 28 ti CO2 láàárín 100 ọdún. Gáàsì inú ẹ̀rọ amúlétutù, ìyẹn éésì, tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Kí ìṣirò má baà dàrú, CO2 ni wọ́n ń ṣẹ́ gbogbo wọn sí, bí oníṣòwò tó ti Kútọnu dé ṣe ń ṣẹ́ séfà sí náírà kó tó mọ èrè rẹ̀. Kìlò kan mítéènì, kìlò 28 CO2. Ó parí.

Ìwọ̀n èéfín rọrùn ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Kò sẹ́ni tó ní láti gbé ẹ̀rọ kankan sí ẹnu sàlẹ́ńsà. Lítà epo tó wọlé ni wọ́n ń kà, iye èéfín tó jáde á sì ti ibẹ̀ hàn. Lítà bẹntiróòlù kan, tí iná bá jó o tán, ń bí CO2 tó tó kìlò 2.3. Lítà dísẹ́ẹ̀lì kan ń bí nǹkan bíi kìlò 2.7. Kìlò kan gáàsì ìdáná ń bí nǹkan bíi kìlò mẹ́ta.

Níbí ni akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbọ́n ti máa jiyàn, iyàn rẹ̀ sì dára. Lítà bẹntiróòlù kan kò wúwo tó kìlò kan; nǹkan bíi kìlò 0.74 ni. Báwo ni ohun tí kò tó kìlò kan ṣe máa bí ohun tó lé ní kìlò méjì? Afẹ́fẹ́ ló fi kún un. Nínú lítà epo yẹn, kábọ́ọ̀nù ibẹ̀ tó nǹkan bíi kìlò 0.64. Bó bá ti ń jóná, átọ̀mù kábọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan á so mọ́ átọ̀mù ọ́síjìn méjì láti inú afẹ́fẹ́. Ìwọ̀n átọ̀mù kábọ́ọ̀nù jẹ́ 12, ti ọ́síjìn jẹ́ 16. Ọ́síjìn méjì jẹ́ 32. Tí wọ́n bá fi 12 kún un, ó di 44. Nítorí náà, kìlò 12 kábọ́ọ̀nù á di kìlò 44 CO2, ìyẹn ìlọ́po 3.67. Ìlọ́po 3.67 ti 0.64 jẹ́ nǹkan bíi 2.3 náà. Epo tí wọ́n fi owó rà ní kẹ́ẹ̀gì ń gba ọ́síjìn tí wọn kò san kọ́bọ̀ lé lórí, àpapọ̀ méjèèjì ló sì ń gòkè lọ. Tíṣà kẹ́mísìrì tó bá fi èyí kọ́ kíláàsì rẹ̀ kò ní láti wá àpẹẹrẹ lọ sọ́nà jíjìn. Kẹ́ẹ̀gì wà lẹ́yìn ọ́fíìsì.

Ìlànà tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ àti ilé-ìwé lágbàáyé ń tẹ̀ lé láti ṣe àkójọ yìí ni GHG Protocol. Àjọ méjì, World Resources Institute àti World Business Council for Sustainable Development, ló gbé e jáde ní 2001. Ọ̀nà mẹ́ta ló pín èéfín sí. Èkíní ni ohun tí ilé-ìwé fúnra rẹ̀ tú sínú afẹ́fẹ́: epo jẹnẹrétọ̀, epo bọ́ọ̀sì tó jẹ́ tirẹ̀, gáàsì tàbí igi ìdáná ilé oúnjẹ, gáàsì éésì tó jò. Èkejì ni ohun tí ẹlòmíràn jó níbòmíràn kí iná lè dé inú ọgbà, ìyẹn iná mànàmáná tí mítà ń kà. Ẹ̀kẹta ni gbogbo ìyókù tó ń ṣẹlẹ̀ nítorí pé ilé-ìwé wà: mọ́tò òbí tó gbé ọmọ wá, ọ̀kadà tí tíṣà gùn, ìwé tí wọ́n tẹ̀, yúnífọ́ọ̀mù tí wọ́n rán, ìdọ̀tí tí wọ́n kó dànù. Apá kẹta yìí ló sábà máa ń tóbi jù, òun náà ló sì ṣòro kà jù. Kí ilé-ìwé tó ń bẹ̀rẹ̀ má ṣe torí rẹ̀ dúró. Kó ka méjì àkọ́kọ́ dáadáa ná.

Ohun kan wà nípa iná mànàmáná tó yẹ kí akápò mọ̀. Gáàsì ni wọ́n fi ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iná tó ń gba wáyà ìjọba kọjá ní Nàìjíríà, bíi ti ilé-iṣẹ́ Ẹ̀gbin tó wà lẹ́bàá Ìkòròdú. Agbára omi, láti ibi ìsédò bíi Kainji, Jebba àti Shiroro, ló ń pèsè ìyókù. Nítorí pé ti omi wà nínú rẹ̀, yúnìtì kan tí mítà kà ń bí èéfín tí kò tó ìdajì kìlò, 0.4 ni ìṣirò ìsàlẹ̀ yìí lò. Jẹnẹrétọ̀ dísẹ́ẹ̀lì tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa ń bí nǹkan bíi kìlò kan fún yúnìtì kan náà, àwọn kéékèèké oníbẹntiróòlù sì sábà máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gílóòbù kan náà ni, ìmọ́lẹ̀ kan náà ni, ṣùgbọ́n ibi tí iná ti wá sọ èéfín rẹ̀ di ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta.

Ẹ jẹ́ ká ro ilé-ìwé girama kan lọ́kàn, tó ní akẹ́kọ̀ọ́ bíi 400, ká sì ṣe ìṣirò tirẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ dísẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ń mu lítà mẹ́ta ní wákàtí kan. Wọ́n ń tàn án fún wákàtí mẹ́rin lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 39 lọ́dún. Lítà 2,340 nìyẹn, èéfín rẹ̀ sì jẹ́ kìlò 6,318. Bọ́ọ̀sì ilé-ìwé ń mu lítà bẹntiróòlù mẹ́wàá lójúmọ́: lítà 1,950 lọ́dún, kìlò 4,485. Mítà ń ka yúnìtì 600 lóṣù: 7,200 lọ́dún, kìlò 2,880. Ilé oúnjẹ ń lo gáàsì kìlò 450 lọ́dún: kìlò 1,350. Lẹ́yìn èyí, ẹni tó ń tún éésì ṣe wá, ó rọ gáàsì tuntun kìlò kan sínú éésì ọ́fíìsì nítorí pé ti tẹ́lẹ̀ ti jò tán. Bí gáàsì náà bá jẹ́ R-410A, tó wọ́pọ̀ nínú éésì òde òní, kìlò kan ṣoṣo tó jò yẹn dúró fún kìlò 2,088 CO2.

Gbogbo rẹ̀ lé ní tọ́ọ̀nù 17.

Ẹ padà wo ìlà tó kẹ́yìn yẹn. Gáàsì tí kò pariwo, tí kò rú èéfín dúdú, tí ẹnikẹ́ni ò rí, tó jò nídìí ògiri ọ́fíìsì kan, èéfín rẹ̀ sún mọ́ ìdajì èéfín tí bọ́ọ̀sì tú fún odindi ọdún kan. Bí ènìyàn bá fẹ́ fi bẹntiróòlù tú irú èéfín bẹ́ẹ̀, á ní láti jó nǹkan bíi 900 lítà. Síbẹ̀, àṣà tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń tún éésì ṣe ni pé kí wọ́n tú ìyókù gáàsì inú rẹ̀ dànù sínú afẹ́fẹ́, kí wọ́n rọ òmíràn, kí wọ́n sì gba owó wọn. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, éésì náà ò tún ní tutù mọ́. Ohun tó yẹ kí ilé-ìwé béèrè fún kò le: kí wọ́n wá ibi tó ti ń jò, kí wọ́n dí i, kí wọ́n tó rọ ohunkóhun, bí gáàsì bá sì kù nínú ẹ̀rọ, kí wọ́n fà á sínú sílíńdà, kí wọ́n má tú u dànù. Láìsí ìwé àkọsílẹ̀, kò sí ọ̀gá ilé-ìwé tó máa fura sí éésì. Jẹnẹrétọ̀ tó ń pariwo ni gbogbo ojú máa ń wò.

Ìṣirò náà tún tú àṣírí mìíràn. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdọọdún, tí í ṣe Àyájọ́ Àyíká Lágbàáyé, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé máa ń gbin igi mélòó kan, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á sì kọ ọ́ pé àwọn ń gbógun ti ìyípadà ojú-ọjọ́. Igi tó ti dàgbà dáadáa ń fa nǹkan bíi kìlò 20 CO2 lọ́dún. Kí igi tó lè fa tọ́ọ̀nù 17, ó gbọ́dọ̀ lé ní 850, kí gbogbo wọn sì ti dàgbà. Àwọn mélòó tí wọ́n gbìn ṣì kéré sí orúnkún. Kì í ṣe pé kí wọ́n má gbin igi mọ́. Igi odán àti máńgòrò tó ṣíji bo kíláàsì ń mú kí ara tu ọmọ, ó sì ń dín iye wákàtí tí fáànù fi ń yí kù; èrè gidi nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í lé eku. Nínú tọ́ọ̀nù 17 yìí, jẹnẹrétọ̀ àti bọ́ọ̀sì nìkan kó èyí tó lé ní tọ́ọ̀nù mẹ́wàá.

Ìrìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ṣeé kà, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí tíṣà kíláàsì ní kí wọ́n nawọ́: ta ló fi ẹsẹ̀ rìn wá? Ta ló wọ kẹ̀kẹ́ Maruwa? Ta ló wọ dánfó? Ta ni mọ́tò bàbá tàbí ìyá rẹ̀ gbé wá, ọmọ mélòó ló sì wà nínú mọ́tò náà? Kí wọ́n béèrè àdúgbò tí kálukú ti wá, kí wọ́n fojú bu jíjìn rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ìjọba, ẹsẹ̀ ló máa pọ̀ jù, èéfín apá yìí á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí rárá. Ní ilé-ìwé aládàáni ti Lekki tàbí Bódìjà, èsì á yàtọ̀ pátápátá: mọ́tò kan fún ọmọ kan, tí wọ́n tò gùn bí ìrù ejò níwájú géètì, tí ẹ́ńjìnnì àti éésì wọn ń ṣiṣẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú láì rìn.

Pé ọkọ̀ lè kó èyí tó pọ̀ jù, Abẹ́òkúta ti rí àpẹẹrẹ rẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ka èéfín Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ fún Ètò Ọ̀gbìn, FUNAAB, fún sáà ìkẹ́kọ̀ọ́ 2011 sí 2012, ó sún mọ́ tọ́ọ̀nù 6,000, ọkọ̀ ló sì ni èyí tó ju ìdajì lọ. Ọgbà náà wà ní ọ̀nà Alábàtà, ó jìnnà sí àárín ìlú. Ojoojúmọ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ ń lọ tí wọ́n ń bọ̀. Bí ẹnì kan bá ti fi gbogbo owó ra sólà níbẹ̀ láì kọ́kọ́ kà, á ti fi apá tó tóbi jù sílẹ̀.

Tí iye bá ti wà nínú ìwé, dídín in kù á ní orí àti ìdí. Owó ló sì máa ń kọ́kọ́ la ojú ilé-ìwé. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, lítà bẹntiróòlù tí kò tó 200 náírà ti lé ní 480. Nígbà tí 2024 fi máa parí, ó ti wà ní àyíká 1,000 ní Èkó. Ní oṣù kẹrin ọdún kan náà, yúnìtì iná fún àwọn tó wà ní ìpele A, ìyẹn àwọn tí iná ń dé ọ̀dọ̀ wọn jù, di 225 náírà. Ilé-ìwé tó bá dín lítà kan kù ti dín kìlò èéfín kù, ó sì ti fi owó sápò.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò ni iṣẹ́ tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣe gan-an. Jẹnẹrétọ̀ ńlá tí wọ́n tàn nítorí ẹ̀rọ ìdàkọ kan àti fáànù méjì ń jó epo púpọ̀ dànù, nítorí pé ẹ̀rọ ńlá kì í jẹun kékeré bí iṣẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ kéré. Ilé-ìwé tó bá kó iṣẹ́ iná jọ, tó fi kíláàsì kọ̀ǹpútà, títẹ ìwé ìdánwò àti fífa omi kànga oníẹ̀rọ sí wákàtí méjì kan náà, lè tan ẹ̀rọ fún wákàtí méjì dípò mẹ́rin. Nínú àpẹẹrẹ wa, tọ́ọ̀nù mẹ́ta ti lọ nìyẹn, wọn kò sì ra ohunkóhun. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wo ohun tó ń jẹ iná. Éésì alágbára ẹṣin kan ààbọ̀ ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 1,200. Fáànù òrùlé ń jẹ nǹkan bíi 75. Éésì kan ṣoṣo nínú ọ́fíìsì ọ̀gá lè gbé fáànù kíláàsì 16. Tíúbù àtijọ́ ń jẹ wáàtì 40, ti LED tó ń fúnni ní ìmọ́lẹ̀ kan náà kò ju 18 lọ. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ìgbà yìí ló tó kan sólà, kì í ṣe kó tó dìgbà yìí. Ilé-ìwé sì bá sólà mu ju ilé gbígbé lọ. Alẹ́ ni ẹbí máa ń nílò iná jù, nígbà tí oòrùn ti wọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ra bátìrì púpọ̀. Ilé-ìwé ń ṣiṣẹ́ láti aago mẹ́jọ àárọ̀ sí ọ̀sán, lákòókò tí oòrùn gan-an ń ràn, òrùlé rẹ̀ sì fẹ̀. Bátìrì díẹ̀ ló nílò, bátìrì ló sì máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́ nínú gbogbo ẹrù sólà. Páńẹ́ẹ̀lì lè lo ọdún 25. Ọ̀pọ̀ bátìrì oníásíìdì kì í lò ju bí ọdún mẹ́ta sí márùn-ún lọ.

Ìpínlẹ̀ Èkó ti gbìyànjú rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n gbé sólà sí ilé-ìwé girama ìjọba tó lé ní 170. Ní 2019, àjọ Rural Electrification Agency ti ìjọba àpapọ̀ ṣí ilé-iṣẹ́ iná oòrùn ní Yunifásítì Alex Ekwueme ní Ìpínlẹ̀ Ẹ̀bónyì àti Yunifásítì Bayero ní Kánò. FUNAAB wà lára àwọn tí wọ́n yàn fún ìpele kejì ètò iná oòrùn yìí. Iṣẹ́ tó wúlò ni. Ṣùgbọ́n ibikíbi tí wọ́n bá ti gbé sólà fún ilé-ìwé láì sọ ẹni tó máa ra bátìrì tuntun lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, jẹnẹrétọ̀ á padà wá. Bí lítà dísẹ́ẹ̀lì bá jẹ́ 1,000 náírà, ilé-ìwé inú àpẹẹrẹ wa ń jó mílíọ̀nù 2.34 náírà lọ́dún. Kí wọ́n máa ya apá kan nínú owó tí sólà bá gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀ fún bátìrì láti oṣù àkọ́kọ́.

Àpẹẹrẹ tó fi hàn jù pé kíkà ló ń ṣáájú wà ní ìgbèríko Ìpínlẹ̀ Kentucky ní Amẹ́ríkà. Ní 2010, ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Richardsville ṣí ní agbègbè Warren. Òun ni ilé-ìwé ìjọba àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà tí wọ́n kọ́ kó lè máa pèsè iná tó tó èyí tó ń lò láàárín ọdún. Páńẹ́ẹ̀lì orí òrùlé ni àlejò máa ń wò, ṣùgbọ́n páńẹ́ẹ̀lì ló kẹ́yìn nínú ìrònú àwọn tó kọ́ ọ. Ibi tí iná ń gbà lọ ni wọ́n kọ́kọ́ wá. Wọ́n rí i pé ilé ìdáná ń jẹ iná púpọ̀. Wọ́n yọ ẹ̀rọ tó ń fi òróró gbígbóná dín oúnjẹ kúrò, wọ́n fi ààrò alátẹ́gùn gbígbóná àti ooru omi rọ́pò rẹ̀. Yàrá tí wọ́n ń to kọ̀ǹpútà ńlá sí, wọ́n fi kọ̀ǹpútà alágbèéká tí wọ́n ń tì láti kíláàsì dé kíláàsì rọ́pò rẹ̀. Wọ́n mú kí ògiri nípọn kí ooru má baà sá jáde nígbà òtútù, wọ́n sì ń fa ooru láti abẹ́ ilẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa ra sólà, iná tí ilé náà nílò ti kéré débi pé páńẹ́ẹ̀lì tó wọn kò pọ̀ bí ìbá ṣe pọ̀. Wọ́n tún sọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ di ibi ẹ̀kọ́ nípa oòrùn, omi, ooru abẹ́ ilẹ̀ àti àtúnlò nǹkan.

Kì í ṣe kí ilé-ìwé Ògbómọ̀ṣọ́ lọ máa kọ́ ògiri Kentucky. Níbi tí òtútù ti ń mú, ìmúlé-móoru ló ń jẹ iná jù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba sọ pé ilé-ìwé àti yunifásítì ló ni ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún èéfín tó ń ti àwọn ilé ìjọba jáde, gáàsì tí wọ́n sì fi ń mú kíláàsì móoru kó apá ńlá nínú rẹ̀. Ní oṣù kẹrin 2022, ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ wọn ní kí gbogbo ilé-ìwé ní ẹnì kan tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ yìí àti ìwé ètò ìgbésẹ̀ tirẹ̀ kó tó di 2025. Ọmọ Yorùbá tó ń kàwé ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, wà lára àwọn tí ètò yìí kàn. Ní Amẹ́ríkà, bọ́ọ̀sì aláwọ̀ ìyeyè tó ń gbé ọmọ lọ sílé-ìwé sún mọ́ ìdajì mílíọ̀nù, dísẹ́ẹ̀lì sì ni ọ̀pọ̀ jù nínú wọn ń lò. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2021 ya bílíọ̀nù márùn-ún dọ́là sọ́tọ̀ fún ọdún márùn-ún láti fi èyí tó mọ́ rọ́pò wọn. Kálukú ló rí ibi tí tirẹ̀ ti ń jò kó tó máa dí i.

Ilé oúnjẹ àti ààtàn kò gba àlàyé gígùn. Ní 2012 ni ètò O'Meals bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Níbikíbi tí wọ́n bá ti ń fi igi dáná fún irú ìkòkò ńlá bẹ́ẹ̀, ìyá alásè ló kọ́kọ́ ń fa èéfín náà símú, kó tó kan òfuurufú. Ààrò tó ń fi igi díẹ̀ se oúnjẹ púpọ̀, tàbí gáàsì níbi tí agbára bá ká a, á gba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ là. Ní ti ìdọ̀tí, èyí tí wọ́n ń finá sun lẹ́yìn ilé ìgbẹ́ burú, èyí tí wọ́n kó lọ sí ààtàn ńlá ń bí mítéènì. Èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ewé tí wọ́n gbá lábẹ́ igi lè di ajílẹ̀ nínú oko ilé-ìwé, kí wọ́n sáà máa yí i padà kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀.

Òfin ti wà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù kọkànlá 2021, Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣèlérí ní Glasgow pé Nàìjíríà kò ní máa dá èéfín kún ti ayé mọ́ tó bá di 2060, oṣù yẹn náà ló sì bu ọwọ́ lu Òfin Ìyípadà Ojú-ọjọ́. Òfin náà sọ pé kí gbogbo ilé-iṣẹ́ aládàáni tó ní òṣìṣẹ́ 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣètò bí èéfín rẹ̀ á ṣe máa dín kù lọ́dọọdún, kó sì yan ẹnì kan tó máa mójú tó o. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé aládàáni ńlá ní Èkó àti Ìbàdàn, tí ènìyàn bá ka tíṣà, awakọ̀, alásè àti ẹ̀ṣọ́ wọn, ti kọjá 50 tipẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé, ẹ má dúró de ẹni tó máa wá bèèrè. Ẹ fún kíláàsì SS1 ní ìwé àkọsílẹ̀ kan, kí wọ́n fà á sí òpó márùn-ún: ọjọ́, lítà jẹnẹrétọ̀, lítà bọ́ọ̀sì, iye tó wà lórí mítà, kìlò gáàsì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ti òní sí i kí wọ́n tó lọ sílé.